Ẹ Padà Lọ Sọ Ọ́ ní Ọjà: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Owó Oníràwọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kò kú, ṣùgbọ́n a ti pàdánù rẹ̀. Dáníẹ́lì, àkọ́bí ìyá wa, tó ti Gáná wálé pé òun yóò jókòó ti ìyá òun títí ọjọ́ ogbó, ti tún padà síbi tó ti wá. Ó ní òun kò ní wá mọ́. Ìṣojú mi ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ Dáníẹ́lì mọ̀ pé kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tó ti ń bi mí léèrè, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa fún yín láti ìpilẹ̀. Tíṣà ni mí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kàbà, lójú ọ̀nà Ìyàrá. N kò kọ èyí kí ẹ lè káàánú wa. Gbangba ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Mo fẹ́ kí gbangba gbọ́ ọ.

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa owó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni ilẹ̀ mẹ́rin ti ń ná owó kan ṣoṣo: Nàìjíríà níhìn-ín, Góòlù Kóòsì tó ti di Gáná, Sàró, àti Gáḿbíà. Ṣílè tó ní orí ọba níwájú, tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, ó ná ní Kàbà, ó ná ní Kùmásì. Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ àwọn Faransé ló wà láàárín àwa àti Góòlù Kóòsì. Ẹni tó bá ń kọjá ní Dàhòmì gbọ́dọ̀ wá fràǹkì kó tó lè ra ẹ̀kọ jẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ré kọjá ibẹ̀, owó ilé rẹ̀ náà ló tún bá. Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun ìyanu, kí àjèjì wà láàárín, kí ará ilé sì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ilé tiwa jẹ nínú ìṣọ̀kan yìí dáadáa. Ìyé, bí a ti ń pe ìyá wa, ń wun kíjìpá lórí òfì obìnrin, èyí tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Dáníẹ́lì di ẹrù aṣọ náà, tó gbé e lọ sí Kùmásì. Ó rí i pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, ó sì jókòó. Ìyá ń wun ún níhìn-ín, ọmọ ń tà á lọ́hùn-ún. Àwọn ará wa tó ń bọ̀ wálé ló ń bá a mú owó wá, owó náà kò sì nílò àlàyé: bó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ra aṣọ ní Kùmásì ni Ìyé fi ń ra òwú ní ọjà Kàbà. Ìwé tí mo kà, inú òwú yẹn ló ti jáde.

Àṣà kan wà ní agbo ilé wa, n kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Bí ọmọ bá ń lọ sí ìdálẹ̀, ìyá rẹ̀ á mú kọ́bọ̀ méjì, á ki òwú kan ṣoṣo bọ ihò àárín àwọn méjèèjì, á wá já òwú náà sí méjì. Kọ́bọ̀ kan á wà lára igi òfì. Èkejì á bá ọmọ lọ. Ọjọ́ tí ọmọ bá dé, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á fi wọ́n ra iyọ̀, gbogbo ilé á sì jẹ nínú ọbẹ̀ tí wọ́n bá fi iyọ̀ náà sè.

Kọ́bọ̀ Dáníẹ́lì pẹ́ lára òfì tó bẹ́ẹ̀ tí òwú rẹ̀ fi dúdú. Bí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ Ìyé bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ ilẹ̀ Àṣáńtì níyàwó, Ìyé á kàn fi ẹnu júwe kọ́bọ̀ náà. Á ní, "Èkejì rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó ná níbẹ̀, ó ná níhìn-ín. Ẹ jẹ́ n gbọ́ràn."

Lẹ́yìn tí Góòlù Kóòsì gba òmìnira, ìjọba wọn ṣe owó tiwọn. N kò bá wọn wí. Ẹni tó bá kọ́ ilé tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ní ìkòkò tirẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú kó owó àtijọ́ wá pààrọ̀, ṣílè kan sí ṣílè kan, kò dín, kò lé. Dáníẹ́lì ti ń palẹ̀ mọ́ láti wálé nígbà náà. Ó pààrọ̀ gbogbo tirẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó gbà pé bí owó ibẹ̀ ti ń ná níhìn-ín láti ọjọ́ yìí wá náà ni tuntun yóò ṣe ná. Ta ni kì bá rò bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ni owó Kùmásì di àjèjì ní Kàbà rí?

Ìgbà ọyẹ́ ló dé. Lọ́rì já a sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọlé pẹ̀lú eruku lójú. Ìyé wà nídìí aró. Ó sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú títí dé ìgúnpá, ó ń kí i bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa pé, "Okun o, ọmọ mi, okun o," kò sì lè sọ nǹkan mìíràn. Dáníẹ́lì bọ́ kọ́bọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́rùn. Ìyé tú tirẹ̀ kúrò lára òfì. Wọ́n so wọ́n pọ̀. Iyọ̀ tí a jẹ lọ́jọ́ náà, n kò rò pé mo tún lè jẹ irú rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ni Dáníẹ́lì lọ kí àwọn àgbà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti àjò dé. Ṣílè kọ̀ọ̀kan ló fi kí wọn, tuntun, tó ń dán. Igi ọ̀pẹ kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìràwọ̀ ló wà níbẹ̀. Orí ọba kò sí níwájú rẹ̀. Orí ọkùnrin dúdú kan ni.

Bàbá Àjàyí, àgbà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tó máa ń fi gbogbo nǹkan dápàárá, gbé tirẹ̀ súnmọ́ ojú. Ó bi Dáníẹ́lì pé ta nìyí, ṣé ọkọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni. Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín, ó ní olórí ìjọba Gáná ni, èèyàn dúdú bí àwa náà.

Bàbá Àjàyí tún gbé e yẹ̀ wò. Ó wá ní, "Orí èèyàn dúdú lórí owó. Ojú mi ti rí i. Ikú lè máa bọ̀ nígbà tó bá wù ú." Ó sì so ṣílè náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Dáníẹ́lì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ owó oníràwọ̀ náà sínú àwo ọrẹ. Ó ti bá ẹbí sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí yóò kọ́ ilé sí, lẹ́yìn òfì Ìyé gan-an, kí ó lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ohun tó torí rẹ̀ wálé nìyẹn. Kò torí òmíràn wá.

Kò pẹ́ tí àìní owó mìíràn fi mú kí Bàbá Àjàyí tú u kúrò létí aṣọ, ó sì rán ìyàwó rẹ̀ sí ìsọ̀ kan ní Kàbà pé kó fi ṣílè rẹ̀ ra kẹrosíìnì. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó jù ú sórí pákó, ó ní kì í ṣe owó. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà pé inú igbó wo ni wọ́n ti ń rọ òjé báyìí. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin àgbàlagbà náà gbé ìgò òfìfo pẹ̀lú ṣílè náà padà wálé.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di pé Dáníẹ́lì kọ́ iṣẹ́ ayédèrú owó ní ìdálẹ̀.

Ọ́fíìsì kan wà ní agbègbè wa tó ń mójú tó owó orí àti ètò ìlú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Akọ̀wé àgbà ibẹ̀ rán àwọn agbófinró wá mú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tú àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lójú Ìyé, wọ́n kó owó rẹ̀, wọ́n sì mú un rìn gba àárín abúlé kọjá. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, akéde jáde. Ó dúró sí ojú ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà wọ ọjà. Ó kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ Dáníẹ́lì, ọmọ obìnrin oníkíjìpá, nítorí pé ayédèrú ni. Èdè Owé pọ́ńbélé, tí gbogbo wa ń sọ ní agbègbè Kàbà, ló fi kéde rẹ̀, tí ọmọdé gbọ́, tí adití pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ èdè yẹn sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá sídìí rẹ̀.

Mo lọ wo ẹ̀gbọ́n mi ní àtìmọ́lé. Mo rò pé n óò bá a nínú ẹkún. Ó jókòó lórí ẹní, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní mo ń rọ owó. Bí mo bá mọ̀ ọ́n rọ ni, ṣé kíjìpá ni n bá máa rù káàkiri Kùmásì nínú oòrùn?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo gba ṣílè oníràwọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Àjàyí, mo sì wọ lọ́rì lọ sí Ìlọrin, sí báńkì. N kò tíì wọ báńkì rí, kí n má purọ́. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ kàn gbé ṣílè náà wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní owó Gáná ni, owó tó dára. Ó fún mi ní ṣílè ọlọ́pẹ kan dípò rẹ̀, kò sì yọ kọ́bọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó tún béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a kò gbọ́ ní agbègbè wa ni, nítorí pé ìjọba ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì tipẹ́tipẹ́. Ó bá mi ní kí wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa pé kò sí àléébù kankan nínú owó náà.

Nígbà tí mo padà dé, wáyà ti dé ṣáájú mi. Mo lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà. Kí ẹ má ṣe rò pé àlejò ni: ọmọ ilẹ̀ Okun ni, èdè wa ló fi kọ́ ẹnu sọ̀rọ̀. Ó gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àṣìṣe ló wáyé, wọn yóò tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, wọn yóò sì dá owó rẹ̀ padà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìjọba ti fi ọ̀rọ̀ owó Gáná ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní ọjọ́ tí àwọn baálé wá san owó orí.

Mo ní, "Èdè wo ni ẹ fi kéde rẹ̀, sà?"

Ó ní, "Háúsá. Èdè iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ̀yin tíṣà kò gbọ́ Háúsá ni?"

Mo ní, "Baálé wa kò gbọ́ ọ. Èdè wo ni ẹ fi kéde orúkọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó ń to àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀. Títí di òní yìí, kò tíì dáhùn.

N kò ní ìjà pẹ̀lú èdè Háúsá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà tó ń sọ ọ́, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ìmọ̀ tí yóò ṣe ìlú láǹfààní, a fi èdè tí ìlú kò gbọ́ sọ ọ́, a sì ní a ti kéde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ìtìjú ọmọ ìlú, a wá èdè ìlú rí. Ṣé àṣìṣe nìyẹn, àbí àṣà?

Wọ́n tú Dáníẹ́lì sílẹ̀ nínú yàrá. Inú yàrá ni wọ́n ti sọ fún un pé kò jẹ̀bi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí akéde padà lọ sí ọjà, kó sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba kì í kéde àṣìṣe ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n má ba ọ̀rọ̀ tó ti tán jẹ́.

Ǹjẹ́ ó tán? Wọ́n bá wa pààrọ̀ owó rẹ̀ sí ọlọ́pẹ, owó tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akéde kò wí pé kí wọ́n má gba owó oníràwọ̀. Ó ní kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ Dáníẹ́lì. Bó bá dúró níwájú oníṣu, obìnrin náà á fi aṣọ bo iṣu, á ní òun ti tà á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá owó ìdúpẹ́ rẹ̀ padà fún un nínú àpòòwé, pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tí yóò fún un ní ilẹ̀ ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé mi, àwọn tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ní ìṣirò ṣílè, fi orúkọ "Oníràwọ̀" ṣe orin lẹ́yìn rẹ̀. Mo nà wọ́n. Orin náà kò dá.

Bàbá Àjàyí nìkan ló ń wá bá a ṣeré. Ó máa ń bú mi pé mo gbé ọkùnrin dúdú òun lọ fún àwọn ará Ìlọrin, mo sì mú igi ọ̀pẹ bọ̀, bí ẹni pé a kò ní ọ̀pẹ nínú oko. Ó sọ ọ́ kí Dáníẹ́lì lè rẹ́rìn-ín. Dáníẹ́lì á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí àgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ti di ẹrù.

Ìyé kò bẹ̀ ẹ́. Ó ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń ti ọjà bọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó lọ sínú ilé, ó mú kọ́bọ̀ méjì, ó ki òwú bọ̀ wọ́n lójú, ó já òwú náà. Ó so ọ̀kan mọ́ òfì. Ó na èkejì sí ọmọ rẹ̀.

Dáníẹ́lì gbà á, ó wò ó, ó sì fi í padà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyé, kò ná níbẹ̀ mọ́."

Ìyé ní, "N kò ní kí o ná an."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá a lọ́rùn mi lọ́hùn-ún, wọn óò béèrè pé kí ni mo ń fi owó ilẹ̀ mìíràn ṣe. N kò lè tún dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, máa tọ́jú Ìyé. Èmi kò ní wá mọ́." Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Ìyé so kọ́bọ̀ kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkíní. Àwọn méjèèjì ló wà lára òfì báyìí. Bó bá ń wun aṣọ, wọ́n á máa kan ara wọn, wọ́n á máa dún. N kì í lè jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Báyìí, Nàìjíríà náà ti gbé owó tirẹ̀ jáde. Kò ní pẹ́ tí kọ́bọ̀ méjèèjì yẹn kò fi ní ná níbẹ̀, tí wọn kò sì ní ná níhìn-ín. Ilẹ̀ mẹ́rin tó jọ ń jẹ iyọ̀ kan náà ti ń tú ká sí ìdí ìkòkò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí àwọn ìjọba bá ń pín ohun tí wọ́n jọ ní, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó wà ní ààlà, ní èdè tó gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni wọn yóò fi ṣe olè.

Ẹ̀yin ará Ìyàrá, Ìkòyí, Àmúró, Mọ́pà àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ̀yin tí ọmọ yín ti Gáná dé tàbí tó ṣì ń bọ̀, ṣé irú èyí ti kàn yín? Ẹ kọ ọ́ jáde, ẹ má fi sínú ilé. Ẹ tún sọ èdè tí wọ́n fi kéde rẹ̀ fún yín.

Ní ti ìwọ akọ̀wé àgbà, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ náà, n kò béèrè owó, n kò sì béèrè pé kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè mi ṣì wà lórí tábìlì yín, ẹ dáhùn rẹ̀. Akéde yẹn ṣì wà láàyè, ọjà ṣì ń ná, ojú ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà wọlé kò tíì kúrò níbi tó wà. Ẹ rán an padà síbẹ̀. Kí ó dúró síbi tó dúró sí. Kí ó fi èdè tó fi sọ ti àkọ́kọ́ sọ pé Dáníẹ́lì, ọmọ obìnrin oníkíjìpá, kò rọ owó, àti pé ẹ̀yin ló ṣẹ̀ ẹ́. Kí ó sọ ọ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ nídìí òfì.